Ta Ló Kó Ẹrù Bàbá Kìtán?

Wọ́n ní olè jà nílé Bàbá Kìtán, ṣùgbọ́n olè náà kò fọwọ́ kan tẹlifíṣọ̀n. Kò mú fóònù tó wà lórí tábìlì, kò wo ẹ̀rọ amúnáwá tó wà lẹ́yìnkùlé, bẹ́ẹ̀ ni kò já kọ́kọ́rọ́ kankan. Ohun tó kó lọ ni àlùmọ́gàjí ńlá tí Bàbá fi ń gé aṣọ nígbà tó ń ṣe iṣẹ́ télọ̀, fìlà ẹtù kan, aago ọwọ́ àtijọ́, Bíbélì tí etí rẹ̀ ti ká, àti ìró sányán tí ìyàwó Bàbá fi sílẹ̀ nígbà tó kú.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Hameedat Oríọlá gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó fọwọ́ lẹ́rán.

"Olè yìí mà mọ nǹkan yàn o," ó ní. "Ì bá tiẹ̀ bá mi yan aṣọ ọdún."

Gbémiga kò rẹ́rìn-ín. Òun ni àkọ́bí Bàbá Kìtán, òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ṣẹ́ẹ̀tì ibi iṣẹ́ ló sì wà lọ́rùn rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn tó fi fa Bísọ́dún wọ àgọ́ ọlọ́pàá bí ẹni fa ewúrẹ́ tó jẹ ẹ̀wà ẹlẹ́wà. Ìbátan wọn ni Bísọ́dún. Òun ló ń tọ́jú Bàbá nínú ilé wọn ní Ijapo Estate. Òun ló ń se oúnjẹ, òun ló ń fọṣọ, òun nìkan ló sì ń wọ yàrá Bàbá lójoojúmọ́.

"Ta ni ì bá tún kó o?" ni Gbémiga wí. "Ṣé iwin ni?"

"Bọ̀dá Gbémiga, mo fi Ọlọ́run búra," ni Bísọ́dún wí, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Mi ò mú abẹ́rẹ́ kúrò ní yàrá Bàbá rí."

Hameedat wo ojú ọmọbìnrin náà dáadáa. Kí ó tó di ọlọ́pàá, nọ́ọ̀sì ni, ní wọ́ọ̀dù ìlera ọpọlọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní àgọ́ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nọ́ọ̀sì Ọlọ́pàá ni wọ́n ń pè é, wọ́n ní tó bá mú adigunjalè, yóò kọ́kọ́ bi í bóyá ó sùn dáadáa lóru àná. Òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ẹjọ́ bá ti ta kókó, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá.

"Bàbá fúnra wọn ńkọ́?" ó bi Gbémiga. "Kí ni wọ́n sọ nígbà tí ẹ ní olè jà?"

"Wọ́n ní ká fi olè sílẹ̀, mà. Wọ́n ní ohun tó lọ ti lọ. Wọ́n tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín."

"Wọ́n ń rẹ́rìn-ín?"

"Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, mà. Láti ìgbà tí màmá wa ti kú, tí ọwọ́ tó ń gbọ̀n kò sì jẹ́ kí wọ́n lè ránṣọ mọ́, ojú wọn ò túra. Wọn kì í jẹun, wọn kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni gbogbo ẹ̀ ṣàdédé yí padà. Àná tiẹ̀ ni wọ́n jáde síwájú ìjọ, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní ara àwọn ti fúyẹ́. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni tí àwọn bá ti ṣẹ̀, kó forí jì wọ́n. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́."

Nǹkan kan gún Hameedat láyà, bí ẹ̀gún kékeré tí èèyàn ò tíì rí ibi tó wọ̀. Ó fẹ́ bèèrè sí i, ṣùgbọ́n Bísọ́dún ti nu imú, ó ti lanu sọ̀rọ̀.

"Mà, mo rí àlùmọ́gàjí yẹn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ọwọ́ Babájídé ló wà, ọmọ iṣẹ́ Bàbá tẹ́lẹ̀, tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá Ọjà Ọba."

"Ẹn-ẹ́n!" Gbémiga fò dìde. "Wọ́n jọ ṣe é ni! Òun ló ń jí i, Babájídé ló ń gbà á!"

"Bọ̀dá mi, ẹ jókòó," ni Hameedat wí. "Olè tó bá fẹjọ́ sun ẹnìkejì rẹ̀ kí wọ́n tó na án lẹ́gba, mi ò tíì rí irú ẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì, ó yá, inú ọkọ̀."

*

Bí Babájídé ṣe rí aṣọ ọlọ́pàá lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ju aṣọ àǹkárá kan bo orí tábìlì. Ó ṣe é wéréwéré, ṣùgbọ́n kò bò ó dáadáa. Ẹnu àlùmọ́gàjí yọ síta lábẹ́ aṣọ náà bí ẹsẹ̀ ọmọdé tó ń sápamọ́.

Hameedat ṣí aṣọ kúrò. Àlùmọ́gàjí àtijọ́ ni, irin rẹ̀ wúwo, ibi tí àtàǹpàkò ti ń wọ̀ ọ́ sì ti dán.

"Ti ta nìyí?"

"Tèmi ni."

Gbémiga fẹ́ bú mọ́ ọn, Hameedat gbé ọwọ́ sókè. Ọmọ Àkúrẹ́ ni òun àti Babájídé, ó sì mọ̀ pé èdè ìjọba a máa di ẹlòmíì lẹ́nu. Ó fi ti ilé bá a sọ̀rọ̀.

"Babájídé, urọ́ kọ́ ni mo wá gbọ́ ní ulé rẹ o. Mi ò wá mú ọ. Uṣẹ́ ni mo wá ṣe. Sọ ọ́ bó ṣe rí."

Ara ọkùnrin náà rọ̀. Ó jókòó sórí àpótí. "Ọ̀gá mi ló fún mi. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi gbé e lé mi lọ́wọ́ níbí. Wọ́n ní kí n má sọ fún ọmọ wọn, ìyẹn ló jẹ́ kí n bò ó. Mo mọ̀ pé tí wọ́n bá rí i, olè ni wọ́n máa pè mí."

"Wọ́n yá ọ ni, àbí wọ́n fún ọ?"

"Yá kẹ̀?" Babájídé fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú. "Ìnsípẹ́kítọ̀, télọ̀ kì í yá èèyàn ní àlùmọ́gàjí. Gbogbo ìgbà tí mo fi kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, ẹni tó bá fọwọ́ kan eléyìí, orí ìkúnlẹ̀ ni yóò ti lo ọjọ́ náà. Ẹnì kan fi gé bébà lọ́jọ́ kan, wọ́n lé e lọ sílé."

"Ìgbà wo wá ni ọ̀gá télọ̀ máa ń gbé àlùmọ́gàjí ọwọ́ ara rẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́?"

Babájídé họ orí. "Ìgbà tó bá kú. Tí wọ́n bá ń pín ogún."

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí òun fúnra rẹ̀ tó gbọ́ ohun tó sọ. Ó wo Hameedat, ó sì wo àlùmọ́gàjí.

"Kí ni wọ́n sọ fún ọ nígbà tí wọ́n ń gbé e fún ọ?" Ohùn Hameedat ti lọ sílẹ̀.

"Wọ́n ní kí n má jẹ́ kó dípẹtà. Wọ́n ní ọjọ́ tí mo bá gé aṣọ tó bá mi lára mu, kí n máa rántí wọn. Wọ́n dì mọ́ mi, mà. Ọ̀gá mi kì í dì mọ́ èèyàn."

Hameedat yíjú sí Bísọ́dún. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé wọ́n fún ìwọ náà ní nǹkan?"

"Rárá, mà. Àdúrà ni wọ́n gbà fún mi láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní kí n má bínú gbogbo ariwo tí àwọn ti ń pa mọ́ mi. Mo ní kò tó bẹ́ẹ̀, pé n ó gún iyán dè wọ́n tí wọ́n bá dé."

"Tí wọ́n bá dé láti ibo?"

"Oǹdó," ni Gbémiga dáhùn. "Wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ kí Àǹtí Morẹ́nikẹ́, àbúrò wọn."

"Pè wọ́n."

Ó pè wọ́n. Fóònù Bàbá ti kú. Ó pe ti Àǹtí Morẹ́nikẹ́, ìyẹn ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e.

"Kò sí olè kankan," ni Hameedat wí, ó sì ti ń lọ sídìí ọkọ̀. "Bàbá yín ló ń pín ogún ara wọn. Ẹ wọlé, ká máa lọ."

*

Wọ́n ti jáde kúrò láàárín ìlú nígbà tí Gbémiga yíjú sí i.

"Mà, kí ló burú nínú pé àgbà ta ọmọ lọ́rẹ? Ara wọn ti yá ni! Àwa ti dúpẹ́ fún un!"

"Ohun tó jẹ́ kí ẹ̀rù bà mí nìyẹn." Hameedat kò gbójú kúrò lójú ọ̀nà. "Gbọ́ mi dáadáa. Ẹni tí ìbànújẹ́ ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ tipẹ́, tí kò rí ìtọ́jú gbà, tó wá ṣàdédé fúyẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan. Tó ń pín ohun tí kì í jẹ́ kí èèyàn fọwọ́ kàn. Tó ń tọrọ àforíjì kiri. Nígbà míì, àìsàn náà ló lọ lóòótọ́. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, ẹni náà ti pinnu àtilọ ni, ìpinnu yẹn ló sì fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ní wọ́ọ̀dù wa, a kì í pàtẹ́wọ́ fún irú ìfúyẹ́ bẹ́ẹ̀. A máa ń fa àga sún mọ́ ọn ni."

Bísọ́dún fi ọwọ́ bo ẹnu lẹ́yìn ọkọ̀.

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́," ni Gbémiga wí. "Irú ẹ̀ ò sí nílé wa."

"Ṣé wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀ rí?"

"Rárá, mà."

Ìdáhùn náà ti yá jù. Bísọ́dún wúkọ́ lẹ́yìn, ikọ́ tí kò sí nínú ọ̀fun.

"Ẹnì kankan ńkọ́ nínú ẹbí?"

"Mo ní rárá, mà!"

Hameedat wakọ̀ lọ díẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ti kọ́ pé ẹni tó ń purọ́ kì í lè fara da ìdákẹ́jẹ́.

"Gbémiga," ó ní, ohùn ẹ̀gbọ́n ló fi pè é wàyí, "àwọn kan ń purọ́ fún mi kí wọ́n má bàa ṣẹ̀wọ̀n. Ìwọ, kí lò ń purọ́ torí ẹ̀? Bàbá rẹ ni mò ń wá. Ibi tí o bá fi irọ́ dí, mi ò ní lè gba ibẹ̀ kọjá."

Wọ́n kọjá afárá Ọ̀wẹ̀nà. Gbémiga bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Lẹ́yìn ìsìnkú màmá wa ni," ó ní. "Bísọ́dún ló bá wọn. A sáré gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn, a sì sọ fún dókítà pé wọ́n ṣubú ni. Wọ́n tọ́jú ara, a gbé wọn wálé. Kò sẹ́ni tó tún sọ ọ́ mọ́."

"Kí ló dé tí ẹ fi bò ó?"

"Mo gbọ́ pé òfin ń ti irú wọn mọ́lé. Bàbá mi, mà! Àgbà ìjọ! Ó tún ku ti Tolúwalọpẹ́, àbúrò mi. Wọ́n fẹ́ gbé e níyàwó. Ẹ̀yin náà mọ bí àwọn àna ṣe ń wádìí ìdílé. Wọ́n á bi ará àdúgbò, wọ́n á bi ìjọ. Ṣé wèrè wà ńbẹ̀, ṣé ẹ̀tẹ̀ wà ńbẹ̀, ṣé ẹnì kan ti pa ara rẹ̀ ńbẹ̀." Ó dá awò rẹ̀ padà sójú. "Ẹnì kan sì ti ṣe é. Tòkunbọ̀, ẹ̀gbọ́n Bàbá, ní Oǹdó. A ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Àǹtí Morẹ́nikẹ́ kọ̀ láti bá wa pa irọ́ náà, ìyẹn ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti Bàbá."

"Ṣé Bàbá mọ̀ pé àwọn àna ń wádìí?"

"Wọ́n wà ní pálọ̀ nígbà tí àwọn ìyẹn wá. Mo sọ fún wọn pé ìdílé wa mọ́ tónítóní, kò ní àbàwọ́n kankan."

"Ìgbà wo nìyẹn?"

Ohùn Gbémiga kò ju ti ọmọdé lọ. "Ó kù díẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín."

Hameedat tẹ ọkọ̀. Kò bá a wí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: ọ̀fọ̀, àìsàn ọwọ́, iṣẹ́ tó bọ́, ìgbìyànjú àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ìṣubú bò, ẹ̀gbọ́n tó ti lọ bẹ́ẹ̀, àti ọmọ tó ń pe ìdílé ní mímọ́ lójú bàbá tó rò pé òun ni ìdọ̀tí ibẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ẹni tí yóò kó o jọ sójú kan ni kò sí.

Ó pe Ànúolúwapọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ìlera ọpọlọ ní Oǹdó, ó ní kó bá òun wá bẹ́ẹ̀dì kan sílẹ̀. Kò pe àgọ́ ọlọ́pàá ibẹ̀.

"Kí ló dé, mà?" ni Bísọ́dún bi í.

"Wọ́n á fi fèrè lọ ni, àti ìbọn. Ẹni tí ojú ti ń tì, kì í ṣe ariwo la fi ń wá a."

*

Ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Oǹdó ni Àǹtí Morẹ́nikẹ́ jókòó sí, ó ń bó ẹ̀gúsí. Nígbà tó rí Gbémiga, ó gbé atẹ sílẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbí ni o! Gbémiga, bàbá rẹ kúnlẹ̀ fún mi! Ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀ fún àbúrò, ṣé o gbọ́ irú ẹ̀ rí? Ó ní kí n forí ji òun. Ó gbé ìró sányán màmá yín fún mi. A sunkún títí. Ìjà ti parí!"

"Ibo ni wọ́n wà, mà?" ni Hameedat bèèrè.

"Ó gba kọ́kọ́rọ́ ilé Tòkunbọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó ní òun fẹ́ lọ wọn fèrèsé, kí òun lè rán kọ́tìnnì sí i. Ó ní ibẹ̀ ni àwọn àna yóò sùn lọ́jọ́ ìgbéyàwó."

Hameedat gbọ́ ọ, ọkàn rẹ̀ rọra mú un yẹ̀wò bí ẹni yẹ owó ayédèrú wò.

"Ṣé wọ́n mú téèpù ìwọnṣọ dání?"

"Kò sí nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ àfi nílọ́ọ̀nù kan."

"Wọn ò mú téèpù. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, wọn ò rán bọ́tìnnì mọ́. Wọ́n sì ti fi àlùmọ́gàjí wọn tọrẹ. Kí ni wọ́n fẹ́ fi gé kọ́tìnnì?"

Ẹ̀rín kúrò lójú Àǹtí Morẹ́nikẹ́. Ó dìde, ẹ̀gúsí tú ká, kò tiẹ̀ wẹ̀yìn. "Òpópónà kejì ni," ó ní. "Ẹ tẹ̀lé mi. Jésù, ẹ tẹ̀lé mi."

*

Bàbá Kìtán jókòó sórí pèpéle lẹ́yìn ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, nílọ́ọ̀nù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó wà láàyè.

Hameedat dúró kí èémí rẹ̀ lè balẹ̀. Gbémiga fẹ́ sáré kọjá, ó di apá rẹ̀ mú. "Ẹ dúró síbí, níbi tí wọ́n á ti rí yín. Ẹ má pariwo, ẹ má sunkún lé wọn lórí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ."

Ó rìn lọ pẹ̀lẹ́, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó sì jókòó sórí pèpéle náà.

"Ẹ kú ìjókòó, sà. Hameedat ni mò ń jẹ́. Láti àárọ̀ ni mo ti ń wá olè tó kó àlùmọ́gàjí yín."

Bàbá wò ó tìyanutìyanu. "Ṣé o rí i?"

"Mo rí i, sà. Òun ni mò ń bá sọ̀rọ̀ yìí."

Ẹ̀rín kékeré yọ lẹ́nu Bàbá kó tó mọ̀, ó sì tún parẹ́. Ó rí Gbémiga lókèèrè, ó rí Morẹ́nikẹ́ àti Bísọ́dún. Ó gbójú sílẹ̀.

"Bàbá, mo fẹ́ bi yín ní ohun kan, mi ò sì ní fepo bọyọ̀. Ṣé ẹ fẹ́ pa ara yín ni?"

Gbémiga kígbe lókèèrè. Lójú tirẹ̀, a kì í dárúkọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kó má bàa wọlé. Ṣùgbọ́n Bàbá kò bínú. Ó wo Hameedat títí, bí ẹni tó ti ń kan ilẹ̀kùn láti ọjọ́ pípẹ́, tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dáhùn nínú ilé.

"Kò sẹ́ni tó bi mí rí," ó ní.

"Mo bi yín, sà."

"Bẹ́ẹ̀ ni." Èjìká rẹ̀ ń mì. "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi." Ó sì sunkún, ẹkún àgbàlagbà tí kò ní ohùn.

Hameedat kò ní kó dákẹ́. Nígbà tó tó àkókò, ó bi í bóyá òní ló fẹ́ ṣe é. Bàbá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Hameedat tẹ́wọ́ sílẹ̀, ó ní kó gbé nílọ́ọ̀nù yẹn fún òun. Bàbá gbé e fún un pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́. Hameedat kò wo inú rẹ̀. Ó gbé e sẹ́yìn ara rẹ̀, níbi tí ọwọ́ Bàbá kò lè dé.

"Kí ló dá yín dúró, sà? Ẹ ti wà níbí ṣáájú wa, ẹ ò sì ṣílẹ̀kùn."

"Iyán," ni Bàbá wí. Ojú tì í bó ṣe ń sọ ọ́. "Bísọ́dún ní òun ó gún iyán dè mí. Mo wá ń rò ó, ta ni yóò sọ fún un pé kó má gún un mọ́. Mo jókòó kí n lè ronú ìyẹn parí. Mi ò tíì ronú ẹ̀ parí."

"Ó dáa tí ẹ ò ronú ẹ̀ parí."

"Ọmọ mi, ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Gbémiga ń sọ fún àwọn àna pé kò sí àbàwọ́n nílé wa. Èmi ni àbàwọ́n náà. Tí mo bá lọ, ọ̀nà yóò là fún Tolúwalọpẹ́."

"Ẹ jẹ́ ká wò ó bí ọlọ́pàá ṣe ń wò ó," ni Hameedat wí. "Ẹ̀gbọ́n yín lọ. Ṣé ìtìjú náà bá wọn lọ? Ó dúró. Ẹ̀yin ló jogún rẹ̀, ẹ ń fi pamọ́ títí ó fi fẹ́ pa yín. Tí ẹ̀yin náà bá lọ, yóò di ẹni méjì tí wọ́n ń fi pamọ́. Ta ni yóò wá jogún ìyẹn, Bàbá?"

Bàbá gbé ojú sókè, ó wo ọmọ rẹ̀.

Gbémiga kò lè dúró mọ́. Ó wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sínú eruku pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ̀yin kọ́ ni mò ń tijú. Àwọn ará ìta ni mò ń bẹ̀rù. Àna tí kò bá lè gbọ́ pé bàbá wa ṣàìsàn, kó máa lọ. Bàbá kan ṣoṣo la ní."

Àǹtí Morẹ́nikẹ́ náà ti dé, ó ti gbá orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ àyà. "Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́," ó ń sọ nínú ẹkún. "Ẹ wá kúnlẹ̀ fún mi, ẹ fi mí ṣe òmùgọ̀! Mo rò pé ìjà ló parí!" Bàbá ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà. Bísọ́dún di ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n mú.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ wọ ọkọ̀, Bàbá dúró.

"Ìnsípẹ́kítọ̀, ṣé wọ́n á tì mí mọ́lé?"

"Ilé ìwòsàn la ń lọ, sà. Ẹ̀sùn kan ṣoṣo tó wà níwájú mi ni olè jíjà. Olóhun ló sì kó ohun rẹ̀. Mo ti pa ẹjọ́ náà rẹ́."

*

Nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí igi máńgòrò, Ànúolúwapọ̀ fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó bèèrè nípa oorun, oúnjẹ, ọwọ́, àti ìyàwó tó kú. Ó bá Bàbá sọ̀rọ̀ bí ẹni bá bàbá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó bèèrè bóyá irú èyí ti ṣẹlẹ̀ rí, àti bóyá ẹnì kan ti kú bẹ́ẹ̀ nínú ẹbí.

Hameedat wo Gbémiga, kò bá a sọ ọ́.

"Ó ti ṣẹlẹ̀ rí," ni Gbémiga wí, ketekete. "Lẹ́yìn ikú màmá wa. A purọ́ fún dókítà. Ẹ̀gbọ́n wọn, Tòkunbọ̀, ló sì fọwọ́ ara wọn pa ara wọn. Àìsàn ni, nọ́ọ̀sì. Àwa la pè é ní ẹ̀sín."

Ó yíjú sí Bísọ́dún. "Ìwọ lo gba bàbá mi là nígbà àkọ́kọ́. Iyán rẹ ló tún dá wọn dúró lónìí. Èmi sì fà ọ́ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Forí jì mí."

"Ẹ ó gún iyán náà fúnra yín, Bọ̀dá Gbémiga," ni Bísọ́dún wí. "Èmi ó jókòó, n ó máa wò yín."

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, Bàbá pàápàá. Hameedat jáde sí ẹnu ọ̀nà díẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ṣe alámùdúlílà, ayọ̀ sì mú kí omi lé róró sí i lójú. Nígbà tó padà wọlé, Ànúolúwapọ̀ ti ń ṣètò ẹni tí yóò wà lọ́dọ̀ Bàbá tọ̀sán tòru, àti oògùn tí dókítà yóò bẹ̀rẹ̀. Ó ku ìbéèrè kan.

"Ní báyìí, Bàbá, ṣé ẹ ṣì fẹ́ kú?"

Bàbá Kìtán rò ó dáadáa. Kò fẹ́ purọ́ mọ́.

"Lónìí, mi ò fẹ́. Ọ̀la ni mi ò lè sọ."

Ojú Gbémiga rẹ̀wẹ̀sì, ṣùgbọ́n Ànúolúwapọ̀ mi orí bí ẹni tí wọ́n fún ní ìdáhùn tó dára jù lọ.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, sà. Lọ́la, a ó tún bi yín."

"Ẹ máa bi mí o," ni Bàbá wí, ó sì na ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó sú yín."